Akèrègbè Mùsílímátù

Bí ẹ bá bá Mùsílímátù ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ odò, ẹ óò rò pé inú omi ni wọ́n bí i sí. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ń fọ́nnu létí Ọjà Olúwo pé òun mọ odò wẹ̀, wọ́n á ní kó rọra, kó má jẹ̀ẹ́ kí Ìyá Salman, ọ̀rẹ́ mi yìí, gbọ́, nítorí nígbà tí Ìyá Salman wà lọ́mọge, ńṣe ló ń wẹ ọ̀sà kọjá bí ẹni ń rìn lójú títì. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Òun fúnra rẹ̀ ni. Èmi Hasanat nìkan ni mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ò lè wẹ omi tó dé orúnkún adìẹ.

Mo mọ̀ nítorí pé ojú mi ló ṣe. Àdúgbò kan náà la gbé dàgbà. Mo fi díẹ̀ jù ú lọ, díẹ̀ yẹn ló sì jẹ́ kí èmi rí ohun tí òun kò rí.

Nígbà èwe wa, odò kan wà létí ọ̀sà tí wọ́n fi bíríkì pupa mọ odi yí ká. Odò Olódi là ń pè é. Àwọn apẹja àtijọ́ ló kọ́ ọ, nígbà tí ọ̀sà ń gbà wọ́n lọ́mọ lọ́dọọdún. Wọ́n ṣe àtẹ̀gùn tó sọ̀kalẹ̀ wọnú rẹ̀ lápá kan. Lápá kejì, wọ́n fi irin dí ẹnu ibi tí omi ọ̀sà ń gbà wọlé, kí omi lè máa wọlé kó máa jáde, kí ọmọ má sì bá a lọ. Kò sẹ́ni tí í gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ òwò tàbí ọkọ̀ ẹja láìjẹ́ pé ọmọ náà ti wẹ Odò Olódi láti àtẹ̀gùn dé ìdí irin, kó sì wẹ̀ ẹ́ padà. Ọjọ́ Sátidé ni tọkùnrin. Ọjọ́bọ̀ ni tobìnrin, ọkùnrin kankan ò sì gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá Kíkẹ́lọmọ ló ń kọ́ àwa ọmọbìnrin. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bó bá ti ku díẹ̀ kó kan ọmọ, ìyá ọmọ náà á ra akèrègbè ńlá tí wọn ò tíì dá lẹ́nu. Ọmọ á gbá a mọ́ àyà, á fi léfòó, títí ara rẹ̀ á fi mọ omi, tí Ìyá Kíkẹ́lọmọ á sì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Èmi mu omi, mo sunkún, mo bú ìyá náà nínú mi, mo sì mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ kan Mùsílí, ìyá rẹ̀ ra akèrègbè fún un. Mùsílí ń gbé e sùn. Ó gbé e lọ sílé kéwú, Alùfáà gbà á, ó bẹ̀bẹ̀ títí ó fi gbà á padà. Ọ̀sẹ̀ tí ì bá wọ omi gan-an ni àìsàn dá Ìyá Kíkẹ́lọmọ dùbúlẹ̀, ìyá náà kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní àwọn á wá obìnrin mìíràn. Wọn ò wá ẹnikẹ́ni. Bí Ọjọ́bọ̀ ṣe parẹ́ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin tún lo odò náà fún ìgbà díẹ̀, àwọn náà kó ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, odi bẹ̀rẹ̀ sí í wó, òṣíbàtà sì bo gbogbo ojú omi. Ìyá Mùsílí so akèrègbè rọ̀ sókè ibi tó ti ń yan ẹja, èéfín ń fín in.

Ìdílé oníṣòwò ojú omi ló fẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Lọ́jọ́ tó dé ilé ọkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ bi í pé, "Ìyàwó, ṣé o mọ odò wẹ̀?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe eré. Ìyàwó tí kò bá mọ odò wẹ̀, wọn kì í jẹ́ kó wọ ọkọ̀ lọ ra ẹja. Ilé ni yóò máa jókòó sí, yóò máa yan èyí tí àwọn ìyàwó yòókù rà bọ̀. Ẹ wo Mùsílí tí ẹ fẹ́ kó jókòó sílé! Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọmọ Odò Olódi ni mí." Irọ́ kékeré ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orí jì í. Àmọ́ irọ́ dà bí ọmọ, bí a bá ti ń fún un lóńjẹ, yóò máa dàgbà ni.

Láti ìgbà náà ló ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé àwọn Ìlàjẹ tó wà lórí ọ̀sà, lọ́dọ̀ Lois, obìnrin tó ń kó ẹja fún un. Lois yìí mọ̀wẹ̀ kó tó mọ̀ rìn, bí gbogbo ọmọ abúlé wọn. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé Mùsílí lọ, tó ń gbé e bọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, ọ̀rẹ́ mi á mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde, kò ní dá a padà sínú báàgì títí wọn á fi gúnlẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ á máa yìn ín pé Ìyá Salman fẹ́ràn Ọlọ́run. Lóòótọ́ ni, ó fẹ́ràn Ọlọ́run, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì ló ń fa ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n kó láífù-jákẹ́ẹ̀tì dé, òun ló kọ́kọ́ wọ tirẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn èwe.

Ohun tó ń dunni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn ọmọ ti lọ sílé wọn, ó pè mí lórí fóònù. Ìkòròdú ni mo ń gbé, ọ̀dà àti táìlì ni mò ń tà ní Agric.

"Hasanat, mo fẹ́ tún Odò Olódi ṣe."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi àti ìwọ."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Ṣé mo ní kó o bi mí ní ìbéèrè? Àwọn táìlì tó kán létí tí kọ́sítọ́mà ò rà yẹn, ṣé wọ́n ṣì wà?"

Mo bínú, mo ní n kò lọ. Kò pẹ́ sígbà náà, mo gba ọ̀nà Ìtòìkín tẹ̀ síwájú, èmi àti táìlì, eruku kún orí mi. Mo bá a létí odò pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, ó ń gé igbó. Etí odò nìkan ló dúró sí o. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ní kí ìyá wọlé wá fi bí wọ́n ṣe ń fa òṣíbàtà hàn àwọn, á ní, "Ẹ̀yin ẹ ṣe é, èmi ni mò ń darí yín." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara mi.

Ṣùgbọ́n ó darí lóòótọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Odò Olódi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Lois á mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn, wọ́n á fún un láyè lẹ́yìn ìwàásù. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ ló wá mòòkùn tí wọ́n kó ẹrẹ̀ kúrò nídìí irin. Ìyọnu bíríkì ló pọ̀ jù. Nígbà tí odi wó, àwọn ará àdúgbò ti kó bíríkì rẹ̀ lọ, wọ́n fi ṣe ààrò, wọ́n fi gbé àga dúró, ẹnìkan tilẹ̀ fi tirẹ̀ ṣe ibùsùn ewúrẹ́. Mùsílí ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, ó ń tọ́ka sí i. Bíríkì náà pupa, ó sì fẹ̀ ju ti ayé ìsinsìnyí lọ, kò ṣeé fi pamọ́. Mo rí obìnrin kan tó wó ààrò tó fi ń yan ẹja lójú wa, tó ń ru ú bọ̀ létí odò ní ìkọ̀ọ̀kan, tí kò sì bínú. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé iṣẹ́ yìí yóò parí.

Ó kù díẹ̀ kó parí la ṣe ìpàdé pé báwo la ó ṣe pín ọjọ́ lílo odò náà. Alájì Tìrìmísíyù ni alága wa. Ọmọlúwàbí ènìyàn ni, ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ ló fi kó gbogbo yanrìn wa. Ṣùgbọ́n bó bá ti gba gbohùngbohùn, kì í rántí pé èrò ní ilé. Ó ní àwọn ọmọkùnrin á máa kọ́ odò wíwẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Wẹ́sìdeè. Láti Ọjọ́bọ̀ lọ, a ó máa fi gba àlejò àti àwọn tó fẹ́ ṣe ayẹyẹ, kí a lè rí ohun tí a ó máa fi tọ́jú rẹ̀.

Ẹnìkan bèèrè pé Ọjọ́bọ̀ àwọn obìnrin ńkọ́.

Alájì rẹ́rìn-ín. "Obìnrin Ẹ̀pẹ́ wo ni ò mọ odò wẹ̀? Kí la fẹ́ kọ́ wọn? Ẹ wo Ìyá Salman níbẹ̀ yẹn. Ẹja ni wọ́n! Ta ló ń kọ́ ẹja lódò wíwẹ̀?"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ti ń gbé ọwọ́ sókè láti fi dúpẹ́, bó ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá yìn ín. Ọwọ́ náà dúró ní agbede méjì. Ó ti yé e. Irọ́ tó ti ń bọ́ láti ọjọ́ tó wọlé ọkọ ló jókòó níwájú yẹn, tó ń gba Ọjọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

A dìde lọ kí ìrun Àláásárì. Nídìí omi àlùwàlá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi sin mí."

"Wọ́n á ṣe é."

"Wọ́n á ní irọ́ ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ."

"Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, irọ́ ni."

Ó da omi kẹ́tùlù sí mi lẹ́sẹ̀. "Ọ̀rẹ́ burúkú. Ikú yá j'ẹ̀sín, Hasanat."

"Ó dáa. Fi Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ fún wọn, ká máa lọ sílé."

Ó fọ ẹsẹ̀ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọ ilé kéwú yẹn gẹ́lẹ́. "Mò ń gbé akèrègbè yẹn sùn," ó ní. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò mọ ẹni tí mo kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a padà wọlé, kò jẹ́ kí Alájì dé ìdí gbohùngbohùn. Ó dìde.

"Alájì, ẹ dákun. Mi ò mọ odò wẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ ọ́n rí láyé mi. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó kàn mí ni Ìyá Kíkẹ́lọmọ dùbúlẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún yín, ẹnu lásán ni. Bó bá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ dán an wò, ẹ gbé mi jù sínú rẹ̀. Àmọ́ kí Lois dúró nítòsí o."

Lois ti dìde ní tirẹ̀. "Ìyá Salman! Nínú ọkọ̀ mi? Pẹ̀lú gbogbo ìjì tá a jọ là kọjá? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa wà á lọ, pé bó bá dojú dé, ẹ máa gbé èmi gan-an jáde!"

"Mò ń fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ ni."

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti ọ̀rẹ́ mi ti lé lógún ọdún dáadáa, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi rìn lọ pàdé òtítọ́. Mo fẹ́ dìde kí n bú gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí ìyàwó Alájì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Alájì yíjú padà. "Ìwọ? Ìwọ tí ò ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́?"

"Ẹ ò bi mí rí, Alájì."

Obìnrin mìíràn dìde, ó ní òun náà ò mọ̀ ọ́n. Òmíràn tún dìde. Gbogbo àwọn tí Ọjọ́bọ̀ parẹ́ mọ́ lójú ni, àti àwọn tí a bí lẹ́yìn wọn, tí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ kan wà rí. Olúkúlùkù ti rò pé òun nìkan ni. Ẹ̀rín tán nínú ilé. Ẹ̀rù bà mí lẹ́yìn ìgbà tí ewu ti kọjá, nígbà tí mo ro iye òwúrọ̀ tí àwọn obìnrin yìí ti fi wà lórí omi jíjìn, tí wọ́n ń fi ojú rẹ́rìn-ín. Alájì ò wo gbohùngbohùn mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀ di tobìnrin." Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Lois ló gba iṣẹ́ Ìyá Kíkẹ́lọmọ. Ó kọ́kọ́ bá Mùsílí yan odì díẹ̀, kó tó dárí jì í. Lọ́jọ́bọ̀ àkọ́kọ́, mo ti Ìkòròdú dé. Mo bá ọ̀rẹ́ mi lórí àtẹ̀gùn, nínú aṣọ tó bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó gbá akèrègbè mọ́ àyà. Èéfín ọjọ́ pípẹ́ ti sọ ọ́ di dúdú kirikiri. Bó ti kan omi báyìí, òórùn ẹja yíyan gba gbogbo odò. Ìyàwó Alájì ní ṣé ọbẹ̀ ni a fẹ́ sè ni.

"Ẹ gbé àyà lé e," Lois sọ fún un. "Mo dì yín mú."

"Má fi mí sílẹ̀ o."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé mi jáde nínú ìjì?"

Ó ní bísímílà títí a ò fi gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní omi tí ènìyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Ó mu tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó mu ún dáadáa. Ṣùgbọ́n ó dé ìdí irin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ń sunkún, èmi náà sì ń sunkún lórí odi, táìlì etí kíkán tí a fi tẹ́ orí rẹ̀ ń gún mi nídìí.

Láìpẹ́ yìí, mo bá a wọ ọkọ̀ Lois lọ sí abúlé. Ó wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó so ó pinpin. Mo ní ṣebí ó ti mọ̀wẹ̀ báyìí. Ó ní òun fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn èwe ni. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, mo wá tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò rí i. Inú báàgì ló wà. Ó ti na ọwọ́ ọ̀tún kọjá etí ọkọ̀, ó ń jẹ́ kí omi máa gba àárín ìka rẹ̀ kọjá.