Ìkòkò Tábà Tí Mo Fọ̀ Mọ́

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, mo ń rìn lọ sí etí ọ̀sà láti ilé ọmọ mi obìnrin ní Ìbẹ̀rẹ̀kò, òórùn kan gbá mi nímú, mo bá dúró gbagidi láàárín ọ̀nà. Òórùn tábà ni. Kì í ṣe ti sìgá oníwèé tí àwọn ọlọ́kadà ń fà o. Tábà gidi ni, èyí tó ń ta sánsán bí oyin tó dà sórí ewé gbígbẹ. Orúnkún mi tó ti ń ráhùn láti àárọ̀ gbàgbé pé òun ń dùn mí, n kò mọ ìgbà tí mo dé ìdí òórùn náà.

Ọkùnrin mẹ́rin ni mo bá lábẹ́ àgbọn, wọ́n jókòó sórí àga oníke, ìkòkò tábà lẹ́nu kálukú wọn. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n fò dìde. Ọ̀kan tiẹ̀ sáré fi tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé.

“Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú o, Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká sún síwájú kí èéfín má baà yọ yín lẹ́nu.”

Mo ní kí wọ́n jókòó jàre. Ṣẹ́gun, òṣìṣẹ́ báǹkì tó jọ ọ̀gá láàárín wọn, ṣàlàyé fún mi pé sìgá gbọọrọ, èyí tí wọ́n fi ojúlówó ewé tábà wé, ni àwọn máa ń pàdé fà tẹ́lẹ̀. Ìkòkò tábà ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mọ́ ọn, nítorí ó gba sùúrù. Ó ní lọ́jọ́ yẹn gan-an àwọn fẹ́ díje: ìwọ̀n tábà kan náà fún gbogbo wọn, iná ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tí tirẹ̀ bá kú gbẹ̀yìn ló borí. Ó ní àwọn òyìnbó ló ń ṣe é, orí fóònù ni àwọn ti rí i.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo pariwo! Mo pàtẹ́wọ́! “Òyìnbó wo? Nínú agboolé wa ní Àgbádárìgì níbí ni mo ti kọ́kọ́ rí i!” Kíá ni wọ́n fa àga kan fún mi. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà.

Ìyá tó bí bàbá mi là ń pè ní Ìyá Àgbà. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku ni, kò sí orin inú ìwé orin tí kò mọ̀ lórí, ṣùgbọ́n bí a bá ti jáde nínú ìsìn báyìí, kó tó tú gèlè ni yóò ti máa wá ìkòkò tábà rẹ̀ kiri. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, kò ju ẹyin adìyẹ lọ, ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀pá rẹ̀, inú rẹ̀ sì dúdú kirikiri. Azọ̀ ni àwọn Ẹ̀gùn ń pe tábà, a sì máa ń gbọ́ ọ tí yóò máa sọ pé, “Azọ̀ ṣie, azọ̀ ṣie,” ìyẹn tábà mi, tábà mi, bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún. Àwa ọmọdé a máa sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀, òun náà a sì máa díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ ló pààlà láàárín agboolé wa àti ti Bàbá Sẹ̀tọ́njí tó ń hun àwọ̀n. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde, agboolé méjèèjì a pàdé lábẹ́ igi máńgòrò, agboolé kọ̀ọ̀kan a sì fa ẹnì kan kalẹ̀. Ìdérí agolo róòbù ni wọ́n fi ń wọn tábà fún wọn, ẹ̀yin iná kan náà ni wọ́n sì fi ń ràn án. Bó bá ti ràn, kò sí àtúnràn. Àwa èrò ìwòran lómìnira láti dá wọn lẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín jù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iná ara rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kú yóò da ojú ìkòkò rẹ̀ dé orí orúnkún, ó tán.

Agboolé tó bá borí ló ń wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, nígbà tí gbogbo wa bá ń sọdá ọ̀sà lọ ṣe fàájì létí òkun. Àwọn ló ń yan ibòòji tó dára jù, àwọn ọmọ wọn ló ń kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan omi òkun. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lójú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bíi tèmi, kò sí oyè tó jù ú lọ. Ọdún mẹ́ta léra wọn ni Ìyá Àgbà ti gbà á fún wa, mo sì ti ń fi ìkẹrin yangàn níléèwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje ọdún náà, èmi ni wọ́n ní kí n fọ gbogbo ìkòkò ọbẹ̀ fún ọdún. Nígbà tí mo fọ̀ wọ́n tán, tí wọ́n ń dán, ojú mi lọ sórí fèrèsé Ìyá Àgbà, mo rí ìkòkò tábà rẹ̀ níbẹ̀, dúdú, onídọ̀tí. Mo ní kí n dá a lára yá. Mo fi ìṣó ha inú rẹ̀, àwọn èèpá dúdú ń já bọ́ wẹ́wẹ́. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi yanrìn bó o, mo ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà tí mo sá a sórí ọgbà, ó pupa bí ọjọ́ tí wọ́n rà á lọ́jà.

Bàbá Sẹ̀tọ́njí ń kọjá lọ pẹ̀lú àwọ̀n léjìká, ó rí i, ó mú un, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì kawọ́ lérí.

“Éò! Ta ló ṣe irú èyí?”

Mo ní èmi ni, mo tún rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ń retí kó yìn mí.

Ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan tèmi. “Ovì ṣie, ọmọ mi, ọdún méje ni Ìyá Àgbà fi fa tábà kí inú ìkòkò yìí tó dúdú báun. Dúdú yẹn ni kì í jẹ́ kí amọ̀ gbóná, òun ni kì í jẹ́ kí tábà tètè jó tán. Amọ̀ lásán lo fi lé e lọ́wọ́ yìí. Ṣó o ti sọ fún un?”

Mo mi orí pé rárá.

“Lọ sọ fún un nísinsìnyí.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

N kò sọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo lọ ha èédú ìdí ìkòkò ọbẹ̀ kan tí n kò tíì fọ̀ dáadáa, mo pò ó mọ́ epo, mo fi kun inú ìkòkò tábà náà, mo sì dá a padà sórí fèrèsé. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí ìdíje yá, ó ti ìka bọ inú ìkòkò rẹ̀, ìka náà dúdú, ó nù ún sára ewé. Bàbá Sẹ̀tọ́njí náà wá mú tirẹ̀ jáde nínú àpò, gbogbo èrò sì hó yèè. Ìkòkò tuntun ni, pupa, iná kò kàn án rí!

“Bàbá, ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?” ẹnì kan nínú èrò bi í.

“Ó ń sinmi,” ó dáhùn.

Wọ́n ràn án. Há à, ẹ̀ bá wà níbẹ̀! Amọ̀ méjèèjì gbóná bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná. Ìyá Àgbà fi ìṣẹ́tí ìró di tirẹ̀ mú, Bàbá Sẹ̀tọ́njí ń gbé tirẹ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì. Omi ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Bàbá mi sín akọ̀wé ìjọ jẹ bó ṣe máa ń wúkọ́ láàárín àdúrà, àwọn ará òdìkejì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Sẹ̀tọ́njí kò rẹ́rìn-ín. À ń kọrin, wọ́n ń kọrin. Èéfín Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ó fà á, ó tún fà á, kò sí nǹkan kan. Ó da ìkòkò dé orí orúnkún. Bàbá Sẹ̀tọ́njí fa ẹyọ kan sí i, èéfín díẹ̀ yọ, tirẹ̀ náà kú.

Ariwo sọ lódìkejì ọgbà. Èmi bú sẹ́kún, mo sáré tẹ̀ lé Ìyá Àgbà wọ ilé ìdáná. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo fọ̀ ọ́.”

“Mo mọ̀,” ó wí. “Bàbá Sẹ̀tọ́njí wá bá mi kẹ́dùn lọ́sàn-án, ó rò pé o ti sọ fún mi. Ó fẹ́ yá mi ní òmíràn tó ti dúdú, mo kọ̀. Ló bá ní òun náà á lo tuntun, pé ìyẹn nìkan ni òun fi lè bá mi figagbága. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí látìgbà náà, kó o lè rí mi bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ borí mi sọ òótọ́ fún mi. Ìwọ tí mo fẹ́ torí ẹ borí, ńṣe lo lọ kùn ún ní dúdú.”

Kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí.

Ọkọ̀ kejì la wọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni Ìyá Àgbà ní kí n máa bá òun tẹ tábà sínú ìkòkò náà lójoojúmọ́ títí inú rẹ̀ yóò fi dúdú padà. Mo ti wà níléèwé girama kó tó dúdú.

Nígbà tí mo sọ èyí tán létí ọ̀sà, Túndé, àbúrò inú wọn, yọ ìkòkò kúrò lẹ́nu.

“Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ọ̀pá ìkòkò yín tó ṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá… èmi ni mo jókòó lé e.”

“Ìwọ! Ìwọ tó o bá mi wá ẹni tó ṣẹ́ ẹ!” Ṣẹ́gun fi fìlà lù ú léjìká, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ ti di ògiri búlọ́ọ̀kù báyìí, n kò mọ ẹnì kan tó ṣì ń mọ ìkòkò tábà, dókítà kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ tábà létí rárá. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Túndé lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ tán, bí ara ṣe tù ú. Inú mi dùn púpọ̀ fún un. Irú ìtura yẹn jókòó dè mí sẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀sán ọjọ́ kan gbáko, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gba iwájú rẹ̀ kọjá.