Àgbà Kan Ṣoṣo Tí Mo Pè Ní Ìwọ

Àgbà kan ṣoṣo ni mo tíì pè ní "ìwọ" láyé mi, òun náà ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí n pe òun bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìta Fájì á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yẹn. Ẹni tó bá fi oṣù díẹ̀ jù ọ́ lọ nílé wa, "ẹ" ni wàá máa fi bá a sọ̀rọ̀. Títí di òní, ìyá mi ṣì ń kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n jọ ń ṣeré ní kékeré. Ẹ ó sì máa gbọ́ tí mò ń pe àgbà náà ní "ó" nínú ọ̀rọ̀ mi yìí dípò "wọ́n". Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́, àṣẹ rẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé.

Ọ̀gá mi ni. Òun ló gbà mí síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ní ọ́fíìsì lẹ́yìn Tinúbú Square. Iṣẹ́ wa ni ká máa gé páìpù nínú kànga epo. Bí páìpù bá há sínú kànga lábẹ́ òkun, tí kò ṣe é fà jáde mọ́, àwa ni wọ́n ń pè. A ó fi wáyà gígùn sọ irin kan kalẹ̀ sínú páìpù náà. Abẹ kékeré á yọ jáde lára irin yìí, á máa yí, á máa jẹ páìpù láti inú títí yóò fi já. Ọ̀gá á wà lórí omi pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, èmi á jókòó sí ọ́fíìsì l'Ékòó níwájú kọ̀ǹpútà tó ń fi bí abẹ ṣe ń ṣe hàn mí, a ó sì jọ máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Orí wáyà" ni ọ̀gá máa ń pe ìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn yòókù ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni èmi àti ọ̀gá, ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, Yorùbá la sì ń bá ara wa sọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, irin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ti àtijọ́, ọ̀gá ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí ẹ̀. Bó bá rí i pé abẹ ti ń jẹ irin jù, á tẹ bọ́tìnì, á fà á sẹ́yìn. Ti tuntun yìí ń gbọ́ ti ara rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀, á fà sẹ́yìn, á sinmi díẹ̀, á tún padà sídìí iṣẹ́, kò ní retí kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Ọ̀gá ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Ó ní ojo ni, pé kí ló wá wá nínú kànga bí kò bá lè jẹ irin?

Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ ń falẹ̀, ó sú u, ló bá pa apá tó ń jẹ́ kí irin náà darí ara rẹ̀, ó ní ọwọ́ òun lòun máa fi gé e. Mo wà níwájú kọ̀ǹpútà, mo rí i tí ìlà tó ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń wọ abẹ lọ́rùn hàn ń gòkè. Ó ń gòkè ṣáá. Mo mọ̀ pé bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, abẹ á kán. Ṣùgbọ́n ta ni èmi tí màá pàṣẹ fún àgbà tó ti ń gé páìpù kí wọ́n tó bí mi? Mo rọ ohùn mi sílẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò bá jẹ́ kó dúró."

"Kó dúró bẹ́ẹ̀? Ó dáa, mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Mo fẹ́ tún un sọ, ojú sì ń tì mí láti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀. Ibi tí mo ti ń ro bí màá ṣe gbé e kalẹ̀ ni abẹ ti há, tó sì kán sínú páìpù. Iṣẹ́ ọjọ́ náà di òfo, àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa sì sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá ṣákálá lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó padà sí Èkó, ó ní kí n sin òun dé CMS. Mo ti gbà pé ó fẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Láàárín èrò tó ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, ó dúró, ó kọjú sí mi.

"Àbúrò, kí lo fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo fẹ́ kí ẹ dá a dúró ni, sà."

"Ìwọ ní kí n jẹ́ kó dúró. Bí màmá ẹ bá ní kí o jẹ́ kí ìkòkò dúró lórí iná, ṣé wàá sọ ọ́ kalẹ̀ ni?"

Mo ní rárá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò bá, ẹ ò bá! Irin tí mo ní ojo ni yẹn, ṣé o gbọ́ kó bẹ̀ mí rí? Bó bá ti rí i pé kò dáa, ó ń fà sẹ́yìn ni. Kò mọ̀ pé mo ti dàgbà. Láti òní lọ, lórí wáyà, èmi kì í ṣe ọ̀gá ẹ, èmi kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ. Pè mí ní ìwọ."

"Háà! Ó tì o, ọ̀gá. Ẹ má bá mi dán irú ẹ̀ wò."

"Bí a bá wà nílẹ̀, dọ̀bálẹ̀ kí àyà ẹ kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí wáyà, ìwọ."

Mo gbìyànjú ẹ̀ nílé. Èmi, géńdé ọkùnrin, mo dúró níwájú dígí, mo ní, "Ìwọ, dá a dúró." Ojú tì mí níwájú dígí tèmi. Àbúrò mi obìnrin gbọ́ mi láti yàrá kejì, ó bi mí pé ta ni mò ń bá jà.

Ọjọ́ tí "ìwọ" jáde lẹ́nu mi, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó jáde. Ọ̀gá ti jẹ́ kí irin náà darí ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó ti gé páìpù tán, wọ́n ń fà á bọ̀ lókè. Mo ṣàdédé rí i lójú kọ̀ǹpútà pé abẹ kò tíì wọlé tán, ó ti kọ́ ara páìpù, wáyà sì ń le sí i. Bí wáyà yẹn bá já, ẹni tó bá nà kò ní dìde mọ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀gá àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà nídìí ẹ̀. Mo figbe ta: "Má fà á mọ́! Dá a dúró! Ìwọ, mo ní má fà á!"

Gbogbo ọ́fíìsì yíjú sí mi. Ìyá Ìjẹ̀bú kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi gbé ọwọ́ lé orí. "Sùbúhánálàì! Ṣé ọ̀gá lọmọ yìí ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

Ohùn ọ̀gá wá, jẹ́jẹ́. "Mo gbọ́. Mo ti dá a dúró."

Wọ́n dẹ wáyà díẹ̀, abẹ wọlé, kò sẹ́ni tó fara pa. Nígbà tó dé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójú títì, nínú aṣọ iṣẹ́ mi. Ó ní kí n dìde jàre, àwọn èèyàn ń wò wá. Ojú ẹ̀ ti pọ́n.

Ó ti fẹ̀yìn tì kí àìsàn tó dé. Ó ránṣẹ́ sí mi láti ilé bàbá rẹ̀, mo sì bá èrò níbẹ̀ bámúbámú. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń ṣe àdúà, tó ń sọ pé, "Ẹ ti ń dára sí i, inṣáálàhù, ara yín á yá." Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà fà mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sọ fún mi ohun tí dókítà wí: àìsàn náà ti ràn káàkiri inú, kò sóògùn mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí bàbá gbọ́. Ọkàn wọn ò ní gbà á." Mo tẹ orí ba, mo kọrí sí yàrá bàbá rẹ̀. Ó rò pé mo ti gbà.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá ní kí àwọn tó kù jáde. Ó ti rù débi pé agbára káká ni mo fi dá a mọ̀. Ó gbé ọwọ́ sétí bí ẹni tó di fóònù mú.

"A ti wà lórí wáyà," ó ní. "Gbogbo wọn ń sọ fún mi pé mò ń dára sí i. Kí lo rí lójú kọ̀ǹpútà?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ṣì máa..."

"Wáyà ni mo wí."

Omi ti gba ojú mi. Mo rántí ìkòkò orí iná. Mo ní, "Kò sóògùn mọ́. O ò ní dìde níbí mọ́. Ò ń lọ."

Ó gbé ọwọ́ kúrò létí. "Alihamudulilahi. Mo gbọ́."

Ọjọ́ náà gan-an ló ní kí wọ́n dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró. Ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ tí wọn kì í kí ara wọn, wọ́n parí ìjà wọn. Ó sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, ó sì ní kí ìyàwó òun máa ka Kùránì sí òun létí. Ó kú láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kò dáhùn nígbà tí mo kí i níbi fìdáù. Mi ò bínú sí i. Bó bá jẹ́ bàbá tèmi ni, bóyá èmi náà ò ní dáhùn.

Mo ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì lẹ́yìn Tinúbú Square. Irin tí a ń lò báyìí gbọ́n ju tìgbà náà lọ, iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ kó parí láìjẹ́ pé a pe ara wa. Èmi ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Ọmọbìnrin kan láti Ọ̀yọ́, tó mọ iṣẹ́ gan-an, ló wà lórí àga tí mo máa ń jókòó sí. Mo sọ fún un láìpẹ́ yìí pé bí a bá ti wà lórí wáyà, kó máa pè mí ní ìwọ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre, sà. Màámi á lù mí."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Irun orí mi ti ń funfun, àwọn ọmọ mi lẹ́kọ̀ọ́ ilé, gbogbo ẹni tó yí mi ká ló ń bọ̀wọ̀ fún mi dáadáa. Mi ò tíì rí ẹni tó máa pè mí ní ìwọ.