Màmá Ilma, Olùkọ́ Òtútù

Àwọn tó ń kó wá sí ìlú wa láti ibi tó móoru, oṣù keje ni wọ́n sábà máa ń dé. Wọ́n á wọ sálúbàtà àti ṣòkòtò péńpé, wọ́n á dúró lójú títì, wọ́n á gbójú sókè wo orí òkè, wọ́n á ní ọ̀run rere rèé. A kì í bá wọn jiyàn. Kestrel, ìlú wa, wà lókè téńté ní ìpínlẹ̀ Kòlòrádò, níbi tí omi ti máa ń hó kí ẹ̀wà tó mọ̀ pé wọ́n gbé òun kaná, tí àlejò bá sì gun àtẹ̀gùn díẹ̀, yóò jókòó mí gúlegúle bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ kì í sáré sọ fún ẹnikẹ́ni pé oṣù kẹwàá ń bọ̀ tòun ti òtútù. Oṣù kẹwàá mọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ilma Kochevar nìkan ló máa ń sọ fún wọn. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ó kúrú, ó ki, oòrùn orí òkè tó ń ta yòò lára òjò dídì sì ti sun ojú rẹ̀ pọ́n. Katakata tó ń gbá òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà orí òkè ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ nílùú wa. Ọkọ rẹ̀ olóògbé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé katakata ni ọkọ ilé, òun àlè lásán ni. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta ṣọ́bìrì, bàtà òtútù àti ìṣó ni mo ní lójú títì ńlá, mo sì ti pẹ́ nílùú náà débi pé èmi gan-an ti ń bínú sí àlejò. Ilma ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rìn lórí yìnyín: máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, má sáré, má ki ọwọ́ bọ àpò. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni egungun ìdí mi kò fi ṣẹ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó já bọ́ lórí àkàbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èjìká ọ̀tún rẹ̀ sì bà jẹ́. Renata, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé ní Arisónà níbi tí wọn kì í ti í wọ ẹ̀wù méjì, ní kí ìyá òun máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ilma ní òun kò lọ. Wọ́n bá ara wọn jà lórí fóònù títí, kí wọ́n tó fẹnu kò sí ibì kan. Ìyá á lo ìgbà òtútù kan sí i nínú ilé rẹ̀. Bí Renata bá dé lóṣù kẹta, tí igi ìdáná kò tán, tí páìpù omi kò bẹ́, tí òjò dídì kò sì wó òrùlé, ìyá á dúró. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó di ẹrù rẹ̀, kó máa bọ̀.

Gbogbo ìlú ló gbọ́. Ohun tí kò yé wa ni bí ẹni tí kò lè gbé apá kọjá àyà ṣe fẹ́ la igi, tí yóò gun òrùlé lọ kó òjò dídì. Ilma kò tọrọ ìrànlọ́wọ́ rí láyé rẹ̀. Mo ní kí n wá bá a la igi lọ́jọ́ ìsinmi, ó bi mí bóyá igi tèmi ti tán nílé. Mo padà lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Oṣù keje náà ni Odell Bassett àti Corinne ìyàwó rẹ̀ kó dé láti Fulọ́rídà, wọ́n ra ilé tó kọjú sí ti Ilma. Wọn ò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ibi tó bá wu àwọn làwọn lè gbé. Orí ń fọ́ Corinne láàárọ̀ lálẹ́, imú Odell ń ṣẹ̀jẹ̀, wọn ò sì mọ ohun tó fà á. Lóṣù kẹsàn-án, Ilma gbé búrẹ́dì wá kí wọn. Ó ní kí Corinne máa mu omi bí ẹni tí wọ́n ṣépè fún, pé afẹ́fẹ́ ibí fúyẹ́, ó sì gbẹ. Lẹ́yìn náà ló yí ilé ká. Ó wo bàtà wọn, ó wo táyà ọkọ̀ wọn, ó dé ibi òkìtì igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó fẹsẹ̀ ta á.

“Ta ló ta èyí fún yín?”

Odell dárúkọ ẹni náà.

“Ó ti fi yín ṣèjẹ. Igi yìí ṣì tutù, díẹ̀ ló kù kó yọ ewé. Èéfín nìkan ni yóò máa fín yín lójú. Ẹ tò ó síbẹ̀, ó di àmọ́dún kẹ́ ẹ tó lè fi dáná. Lọ́la, kẹ́ ẹ wá sílé mi kí n kọ́ yín ní òtútù.”

Báyìí ni ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Igi lílà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, igi Ilma ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ó gbé àga jókòó, ó gbé ife tíì lé itan, ó ń sọ pé kí Odell ya ẹsẹ̀, kó má fi agídí ju àáké, kó jẹ́ kí àáké ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí oṣù náà tó tán, gbogbo igi gbígbẹ tó wà lẹ́yìnkùlé obìnrin yìí ti di lílà, wọ́n ti tò ó gègèrè, akẹ́kọ̀ọ́ sì tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó dá igi náà sí méjì, ó fún wọn ní ìdajì, ó ní èrè akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Lẹ́yìn igi ni bí wọ́n ṣe ń gbá ihò tí èéfín sítóòfù ń gbà jáde. Lẹ́yìn ihò èéfín ni omi: bí òtútù bá mú gan-an, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ omi máa kán tó, tó, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ooru lè dé ara páìpù, kí omi inú rẹ̀ má baà dì kó bẹ́ ẹ. Ó kó aṣọ òwú wọn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní irun àgùntàn ni kí wọ́n máa wọ̀ mọ́ra, pé òwú tó bá ti tutù, ọ̀tá ni. Ní ti ọkọ̀, kí epo má wálẹ̀ ju ìdajì lọ, kí wọ́n má fa bíréèkì ọwọ́ mọ́jú kó má baà dì pa. Kúbùsù, ẹran gbígbẹ, ṣọ́bìrì kékeré, aṣọ pupa kan, àti agolo tí àbẹ́là wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà gbogbo. Èyí tó tẹnu mọ́ jù ni pé bí ìjì òjò dídì bá ká èèyàn mọ́ ojú ọ̀nà, kò gbọ́dọ̀ jáde rìn. Kó dúró sínú ọkọ̀, kó kó òjò dídì kúrò lẹ́nu sàléńsà kó tó tan ẹ́ńjìnnì kí èéfín má baà pa á, kó sì ní sùúrù.

Òjò dídì wá dé. Ilma ní ó tó àkókò láti kọ́ òrùlé kíkó, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń kó òjò dídì kúrò lórí ilé. Corinne bi í bóyá kì í ṣe orí òrùlé tiwọn ló yẹ kí àwọn gùn. Ilma wo òkè, ó ní, “Tiyín dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, páànù ni, òjò dídì á yọ̀ bọ́ fúnra rẹ̀. Tèmi tó tẹ́jú yìí ló dára fún ẹ̀kọ́.” Nígbà tí Odell wá ra ṣọ́bìrì kejì lọ́wọ́ mi, mo bi í pé òrùlé ta ló ń kó lójoojúmọ́. Ó ní ti Màmá Ilma ni, pé àwọn kò tíì yege. Mo kọjú sí ògiri kí n lè rẹ́rìn-ín.

Oṣù kìíní ni ẹ̀rín kúrò nínú rẹ̀. Odell ń bọ̀ láti ìlú ìsàlẹ̀ ní ọ̀sán gangan nígbà tí afẹ́fẹ́ gbé òjò dídì dìde, tí ilẹ̀ àti ọ̀run di ọ̀kan náà. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Corinne sá wọ ilé Ilma, ó ń sunkún. Ilma kò bá a sunkún. Ó bi í bóyá agolo wà nínú ọkọ̀, Corinne ní ó wà. Ó ní, “Ó dáa, ọkọ rẹ á dúró sínú ọkọ̀, mo ti kọ́ ọ.” Ó pe àwọn ọmọkùnrin tó ń wa katakata báyìí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ó fi apá òsì gbá nǹkan mú, ó gun orí katakata lọ jókòó ti awakọ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé kó sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ wo ibòmíràn, kí wọ́n lọ síbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà lẹ́bàá ilé iṣẹ́ ọlọ àtijọ́, pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń kó ẹrù òjò dídì rẹ̀ sí.

Aṣọ pupa tí Odell so mọ́ orí ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ó wà nínú kúbùsù, àbẹ́là ń jó nínú agolo, ètè rẹ̀ ti dúdú. Nígbà tí Ilma yọjú sí i, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Mi ò jáde, Màmá.”

Inú gbogbo ìlú dùn. Ní ti Ilma, gbogbo ohun tó sọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti yege nínú ti ọkọ̀, ó ku ti òrùlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó òrùlé lọ títí oṣù kẹta fi dé, tí Renata sì wọ̀lú.

Ó bá ilé ní títò. Páìpù kò bẹ́, òrùlé dúró ṣinṣin, igi ṣì pọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àpò iyanrìn tí wọ́n ń dà sórí àtẹ̀gùn ni mo gbé wá. Ilma ń yangàn, ó ní ṣé ọmọ òun ti rí i báyìí. Renata ní kí ìyá òun bá òun gbé ìkòkò tó wà lórí pẹpẹ wálẹ̀. Ilma na apá òsì, kò tó o. Apá ọ̀tún kò tilẹ̀ gbéra.

“Màmá, ta ló la igi yẹn?”

“Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.”

“Òrùlé ńkọ́?”

“Àwọn náà ni. Mò ń kọ́ wọn ni.”

Corinne wà nídìí tábìlì. Ó rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. “Màmá, ó ti pẹ́ tó ti yé wa. Òrùlé kan náà la ń kó láti ọjọ́ yìí. A kì í ṣe òmùgọ̀.”

Ojú ti Ilma, mo rí i. Ó bi Corinne pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Corinne ní Màmá náà kò sọ, àti pé ẹni tó gba ọkọ òun lọ́wọ́ ikú, bó bá ní kí àwọn kọ́ òrùlé kíkó títí ayé, àwọn á kọ́ ọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Renata mi orí. Omi ti dé ojú rẹ̀. “Ẹ ṣeun, Corinne, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kó lọ lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Màmá, òtútù kọ́ ni mò ń bẹ̀rù, èjìká yín kọ́ náà ni. Ẹnu yín ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣubú sẹ́yìnkùlé, tẹ́nì kan bá ń kọjá, ẹ máa sọ fún un pé ẹ ń wo ìràwọ̀ ni. Mi ò lè fi yín sílẹ̀ báyìí. Ẹ máa di ẹrù yín.”

Níta, òjò dídì oṣù kẹta ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó tutù tó sì wúwo jù nínú ọdún. Àpótí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ilma wò ó, ó wo fèrèsé. Odell ló wọlé nígbà náà, ó ń gbọn bàtà rẹ̀, kò mọ ohun tó ń lọ. Ó béèrè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ pé kí ni àwọn fẹ́ kọ́ lónìí.

Ilma kọjú sí i. Mo ti rí obìnrin yìí tó wa katakata lọ kojú òjò dídì tó ya lulẹ̀ láti orí òkè, tí àwọn ọkùnrin ń sá. Ojú rẹ̀ kò rí báyìí lọ́jọ́ náà.

“Kò sẹ́kọ̀ọ́ lónìí, Odell. Èjìká ń dùn mí. Mi ò lè gbé igi mọ́, mi ò lè gun òrùlé mọ́. Jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ọ́, bá mi gbé igi wọlé.”

Odell yí padà, ó jáde. Renata wo ìyá rẹ̀ títí, ó nu ojú, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òtútù ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n wọlé, tí òjò dídì bò wọ́n lórí, wọ́n da igi sínú àpótí wúruwùru. Ọmọ yìí kò tún mẹ́nu ba ẹrù dídì mọ́. Mo wo Ilma, mo sì rí i pé ó ti jókòó dáadáa, ó ti gbé ife tíì rẹ̀ lé itan.

“Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?” ni ó wí. “Ẹ kó o jáde, kẹ́ ẹ tún un tò.”

Renata kúnlẹ̀ síwájú àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde.