Ọjọ́ tí Alága Ọlọ́kadà Ró Ìró ní Oǹdó

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo pè ní ìlú Oǹdó, ṣe ni àwọn tí mo pè sá mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́kadà ni, wọ́n tó ogójì, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Láti Àkúrẹ́ ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́sàn-án, òfin lóríṣiríṣi. Kí n tó ka ojú ìwé kẹta tán, ẹnì kan ní òun fẹ́ lọ ra epo sí máṣíìnì. Òmíràn ní ìyá òun ń pe òun. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, ó ku alága wọn, ẹnì kan tó ti sùn lọ, àti Tíṣà.

Iṣẹ́ mi nígbà náà, tí mo ṣì ń ṣe títí di òní, ni ṣíṣe kòkáárí ètò ìdènà ìwà ipá sí obìnrin ní ẹkùn wa: Àkúrẹ́, Oǹdó àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Arákàlé ní Àkúrẹ́ ni ọ́fíìsì wa wà, lókè ilé ìtajà aṣọ kan. Ìdènà tí à ń wí yìí kò le láti lóye: kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá na obìnrin tán ni ká tó sáré dé. Ká ti wà níbẹ̀ kí ọwọ́ tó gbéra sókè ni. Èmi rò pé ìwé kíkà ni yóò gbé wa débẹ̀.

Tíṣà ni ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní Oǹdó. Ọmọ ìlú náà ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́kadà yẹn ní ábídí. Kò bá mi wí níṣojú alága. Ìgbà tí a délé rẹ̀, tó gbé iṣu àti ẹyin síwájú mi, ló tó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, kí lo wá ṣe lọ́dọ̀ wọn?"

"Mo wá bá wọn sọ̀rọ̀ ni, mà."

"Rárá o. Ẹjọ́ lo wá dá. O kò tíì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo, o ti dá wọn lẹ́bi."

Mo ká ìwé mi sínú báàgì, mo sì mú iṣu.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a lọ bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní páàkì wọn. N kò mú ìwé kankan dání. Mo ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o." Bí wọ́n ṣe gbọ́ "uṣẹ́", bí a ṣe ń pe "iṣẹ́" ní Àkúrẹ́, ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ará Àkúrẹ́ dé o!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń rí lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Háà! Wọ́n mọ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà ìjọba kò mọ̀. Wọ́n mọ obìnrin tó máa ń fi gèlè bo ojú tó wú. Wọ́n mọ ilé tí wọ́n ti máa ń gbé ìyàwó sá lọ, tí wọ́n á tún gbé e padà ní ọjọ́ kẹta. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mo gbé irú ẹ̀ rí, mà. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Mo kàn rọra ń gun máṣíìnì lọ ni."

Tíṣà dábàá pé kí wọ́n fi ohun tí wọ́n mọ̀ ṣe eré, kí wọ́n máa gbé e kiri àdúgbò. Gbogbo wọn gbà, àfi pé kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ìyàwó. Ni alága wọn, Rótìmí, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó dá irùngbọ̀n sí, bá dìde. "Bí ojú bá ń ti gbogbo yín, ẹ gbé ìró wá." Tíṣà yá a ní ìró àti gèlè. Ẹ̀rín pa wá débi pé ẹnì kan jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó ń ṣe ọkọ gbé ọwọ́ sókè, alága káwọ́ borí, kò sì sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ.

"Alága, ó kàn yín o."

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ṣé bó ṣe máa ń rí fún Àdùkẹ́ nìyí?" Àdùkẹ́ ni ìyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo ti nà án rí. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rò pé ó ti gbàgbé."

Tíṣà kò kí i pẹ̀lẹ́. "Ilé ni kí o lọ sọ ìyẹn, Rótìmí. Kì í ṣe ibí."

Ní ọjọ́ kejì, Àdùkẹ́ pè mí lórí fóònù. "Ṣé ẹ̀yin lẹ rán ọkọ mi sí mi? Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ń bẹ lára ẹ̀. Ó tún ní òun á dín dòdò fún mi. Gbogbo ẹ̀ ló jó."

Kò pẹ́ sí i, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, alága pè mí. Télọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀; ọkọ rẹ̀ ti há a mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù, ó sì mú bẹ́líìtì dání. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọlọ́kadà lẹ́yìn alága, inú ń bí wọn. Bí wọ́n bá lu ọkùnrin náà pa ńkọ́?

"Alága, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹ ké sí ọlọ́pàá!"

"A ti pè wọ́n, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu. Nígbà tí mo débẹ̀ ni wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi. Máṣíìnì mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Alága kan ilẹ̀kùn: "Ẹ kú iṣẹ́ o! A wá kí yín ni." Ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó ní ta ló pè wọ́n. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó pe àwọn. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kí i, wọn kì í kúrò níwájú rẹ̀ títí á fi dáhùn. Kí ó tó kan ẹni keje, bẹ́líìtì ti bọ́ sílẹ̀. Bọ́sẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọn jáde, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́wọ́, ó gun máṣíìnì lọ sí ọsibítù. Ilé Tíṣà ni mo ti bá a ní ìrọ̀lẹ́, tó ń mu tíì. Ọlọ́pàá mú ọkọ rẹ̀, ó sì fojú ba ilé ẹjọ́. Bọ́sẹ̀ kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àkúrẹ́ ló ti ń ránṣọ báyìí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin Ìta-Ògbólú, ìlú kan nítòsí Àkúrẹ́, ránṣẹ́ pé àwọn náà fẹ́ wo eré yẹn. Àwọn ọlọ́kadà wá láti Oǹdó, aṣọ wọn mọ́ tónítóní. Mo rọ Bọ́sẹ̀ pé kó bá wa lọ bó bá wù ú. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kún eré náà, alága ló sì ṣì ń ṣe ìyàwó. Nígbà tí àwọn ọlọ́kadà wá kí ọkọ, gbogbo wọn kí i pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn, ẹ̀rín gidi.

"Ẹ dúró ná! Wọn kò ṣe é báyẹn!" Bọ́sẹ̀ ni. Ó ti ń bọ̀ láàárín èrò, ó ń fọwọ́ júwe. "Ẹ̀yin, ẹ dúró síbí. Lọ́kọ̀ọ̀kan! Ọkọ, ìwọ ṣì ń bínú, kí lo ń rẹ́rìn-ín sí? Alága, ẹ gbé orí yín sókè. Mo gbé orí mi sókè lọ́jọ́ yẹn."

Alága tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wò ó bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń wo tíṣà.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé ká tún un bẹ̀rẹ̀?"

Bọ́sẹ̀ káwọ́ gbera. "Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."