Ìkúnlẹ̀ Méjì Nínú Ahoro Ilé Òrìṣà

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ògiri. Tí òjò bá ń jò wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé kánsù, ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń háyà, tó yí Peckham Rye ká ní London, tí igun yàrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tó ń hu olú, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti àkàbà kékeré. Màá kan ògiri náà, màá gbóòórùn ẹ̀, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ á sì máa bínú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo rọ òjò. Nígbà tí mo wá gba ìsinmi, mi ò wá etí òkun lọ. Ibi tí ògiri ti wó láti ayébáyé, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní pè mí lórí fóònù torí ẹ̀, ni ọkàn mi ń fẹ́.

Bí mo ṣe lọ sí Hámpì nìyẹn, ní gúúsù Íńdíà, níbi tí àwọn ilé òrìṣà àtijọ́ ti di ahoro káàkiri láàárín àpáta. Èmi nìkan ni mo lọ. Kò sí ilé iṣẹ́ tó bá mi ṣètò, kò sí afinimọ̀nà. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn.

Mummy ò fẹ́. Wọ́n ní kí ni ọmọ Mùsùlùmí ń wá lọ sílé òrìṣà. Mo ní kò sí ẹni tó ń bọ nǹkan kan mọ́ nínú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, òkúta lásán ni. Wọ́n ní tó bá ṣe òkúta ni, òkúta wà ní Peckham. Wọ́n fajú ro títí, lẹ́yìn náà wọ́n bá mi di gaàrí, kúlíkúlí, ẹní ìkírun àti ata gígún. Ata ni Mummy dì fún mi lọ sí Íńdíà. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé kò sí ata níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ irú ata táwọn yẹn ń jẹ.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ orúnkún. Orúnkún Mummy ti ń dùn wọ́n tipẹ́, orí àga ni wọ́n ti ń kírun báyìí. Ohun tó ká wọn lára ju ìrora yẹn lọ ni pé wọn ò lè kúnlẹ̀ kí àwọn tó jù wọ́n lọ mọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni Ìyá Àdínì, olórí àwọn obìnrin Àsàlátù tí wọ́n jọ ń pàdé ṣàdúrà lọ́jọọjọ́ Sunday. Ìyá yìí dàgbà gan-an, Mummy ò sì lè fara mọ́ ọn pé kí àwọn máa nàró níwájú wọn bí òpó iná. Nítorí náà, èmi ni wọ́n ń lò. Màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ìyá náà fún ara mi. Tí mo bá dìde, Mummy á sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi pé, “Bá mi kí wọn.” Màá tún kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ti Mummy.

Méjèèjì ò rí bákan náà. Tèmi yá: mo kúnlẹ̀, mo dìde, ó parí, bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Ti Mummy ní ètò tiẹ̀, wọ́n sì kọ́ mi dáadáa. Nígbà tí orúnkún wọn ṣì le, wọ́n máa ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á fi orí ìka ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á sì dúró síbẹ̀ títí ẹni tí wọ́n ń kí á fi ní kí wọ́n dìde. Bí ìyá tiwọn náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ti ṣe é níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ja ní Rye Lane, tí omi yìnyín ẹja ń wọ ṣòkòtò mi. Mo ti ṣe é nínú ilé ìtajà ńlá ní Surrey Quays, tí sikiọ́rítì sì wá bi mí pé kí ló jábọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti mọ́ mi lára débi pé tí mo bá ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún arúgbó obìnrin, ìkejì ti ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ nìyẹn.

Mo gbádùn Hámpì. Kẹ̀kẹ́ Máruwá ló gbé mi láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọkàn mi sì balẹ̀ bí mo ṣe rí i, torí awakọ̀ náà ń wa ìwàkuwà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe retí. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lápá kan, àpáta ràgàjì-ràgàjì wà lápá kejì, àwọn òpó òkúta sì tò lọ láàárín wọn láìsí òrùlé. Àwọn arìnrìn-àjò yòókù ń wo ère àti ìtàn ara ògiri. Èmi ń wo ojú àgbàrá. Àwọn tó kọ́ ibẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ omi o. Wọ́n gbẹ́ ihò sára òkúta kí òjò lè ṣàn lọ, kò sì sí ibi tí omi dúró sí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rò ó pé àwọn tó kọ́ ilé kánsù wa ì bá tiẹ̀ ti wá síbí wá kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀bọ kan ja gaàrí mi gbà lórí àpáta, ó bu ún sẹ́nu, ó sì wò mí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí ilé òrìṣà kékeré kan lẹ́yìn oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdajì òrùlé ẹ̀ ti wó. Ọ̀dọ́kùnrin arìnrìn-àjò kan nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní kó bá mi ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, kí àwọn ará ibi iṣẹ́ mi lè rí bí òpó náà ṣe ga tó. Bó ṣe ń yà á lọ́wọ́ ni ẹnìkan pè mí láti inú òkùnkùn. Arúgbó obìnrin kan ni, wọ́n jókòó sínú ihò ara ògiri níbi tí ère ti máa ń wà láyé àtijọ́, torí ibẹ̀ ló tutù jù. Wọ́n fi ọwọ́ pè mí kúrò nínú oòrùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí ní èdè wọn. Mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n mo mọ ìbáwí yẹn látilé: ta ló rán ẹ níṣẹ́ nínú oòrùn báyìí? Wọ́n tú ẹ̀pà sísè láti etí aṣọ wọn, wọ́n dà á sí mi lọ́wọ́.

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo dìde. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti tún kúnlẹ̀ ti Mummy, mo fi ìka kan ilẹ̀, mo tẹrí ba. Ìyá àgbà náà gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tó dún bí àdúrà. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú, ó sì yà mí lẹ́nu. A jókòó, a jọ jẹ ẹ̀pà náà tán, ọ̀dọ́kùnrin tó ti ń ya fọ́tò látìgbà yẹn dá fóònù mi padà, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo fi gbogbo fọ́tò ránṣẹ́ sí Mummy láìwò wọ́n. Mummy náà ò wò wọ́n, wọ́n kì í yan fọ́tò. Bí wọ́n ṣe wọlé lọ́wọ́ kan ni wọ́n ṣe darí wọn lọ́wọ́ kan sí gúrúùpù Àsàlátù orí fóònù, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ àwọn ti dé Íńdíà, alihamudulilahi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àtẹ̀jíṣẹ́ Mummy: “Call me.” Mummy ò kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kúkurú rí láyé wọn, wọ́n máa ń kí ẹni tán kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Mo pè wọ́n, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

“Kí lò ń kúnlẹ̀ fún nínú temple? Gbogbo group ló ti rí picture yẹn o.”

Mo ṣí fọ́tò náà. Aṣọ ìyá àgbà dúdú, ó ti bá òkùnkùn ihò ògiri dọ́gba, ẹ ò lè rí wọn àfi tí ẹ bá fà á tóbi. Ohun tó hàn ni òkúta tí wọ́n gbẹ́ ère sí yí ká, àti èmi lórí orúnkún méjèèjì, ìka nílẹ̀, orí ní títẹ̀. Ká ní ọmọ ẹlòmíì ni, èmi gan-an ì bá ní ó ti bọ òrìṣà.

“Mummy, it’s not òrìṣà. Ìyá àgbà kan ló fún mi lẹ́pà.”

“Ìyá àgbà wo? Mi ò rí ẹnì kankan.”

Wọ́n ní kí n tún un sọ, ìyẹn sì dùn mí wọra. Ó jọ pé wọ́n ń gbìyànjú láti gbà mí gbọ́, kò sì yẹ kó gba ìgbìyànjú. Wọ́n wá ròyìn bí nǹkan ṣe rí. Gúrúùpù tí kì í sinmi ti dákẹ́ lọ gbári. Ẹnìkan fi wáàsí lórí ẹbọ ṣíṣe síbẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíì pè wọ́n, ó ń kí wọn kú ara fẹ́ra kù, àfi bíi pé mo ti kú. Ìyá Àdínì ò sì sọ nǹkan kan rárá. Èyí ló ń dun Mummy jù. Láti ìgbà tí Daddy ti ṣaláìsí, àwọn obìnrin yẹn ni wọ́n ní. Ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo òfófó Peckham. Mummy ní àwọn ò lọ sí ìpàdé mọ́. Mo ní kí n ṣàlàyé nínú gúrúùpù, wọ́n ní kí n má dán an wò, wọ́n á ní mo ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Ahoro ò dùn ún wò lójú mi mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo bínú sí òkúta, mo bínú sí gúrúùpù, mo tiẹ̀ bínú sí ẹ̀pà.

Mo padà sí London. Ní Sunday àkọ́kọ́, mo wọ ìborùn mi, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá Mummy. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Mo ní èmi ń lọ, tí wọn ò bá sì tẹ̀ lé mi, ohun tí mo bá sọ níbẹ̀, kí wọ́n má bi mí. Wọ́n mọ ẹnu mi. Wọ́n múra kíá.

Nínú gbọ̀ngàn lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, wọ́n dá wa lóhùn sálámà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sún àga fún Mummy gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìyá Àdínì jókòó sáàyè wọn níwájú. Mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀ tèmi, mo dìde. Mo wá dúró kí n gbọ́ “Bá mi kí wọn” lẹ́yìn mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wẹ̀yìn, Mummy ń wo ilẹ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n lè là á lẹ́nu, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún.

Ìyá Àdínì bi mí pé, “Ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé wọn ò kí mi lónìí ni?”

Mo tún kúnlẹ̀. Mo fi ìka kan ilẹ̀, mo tẹrí ba, mo dúró síbẹ̀. Ìyá náà ò tètè ní kí n dìde. Wọ́n yọ fóònù wọn nínú báàgì, wọ́n gbé fọ́tò yẹn sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ lè rí i.

“Ẹ wo ọwọ́ tó kan ilẹ̀ yìí. Ta ló ń kúnlẹ̀ báyìí nínú yín?”

Ẹnìkan ní Mummy mi ni.

“Èmi ni wọ́n ń kúnlẹ̀ ẹ̀ fún láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, mo mọ̀ ọ́n. Ìkíni àgbà ni. Ọmọ-ọmọ mi sì ti bá mi zoom picture yẹn, ẹsẹ̀ èèyàn wà níbẹ̀. Òrìṣà wo ló ń wọ bàtà rọ́bà?”

Gbogbo wọn fa fóònù yọ. Bàtà rọ́bà aláwọ̀ búlúù wà níbẹ̀ lóòótọ́, lábẹ́ ihò ògiri, ìka ẹsẹ̀ ìyá àgbà sì yọ níwájú ẹ̀. Ẹ̀rín ló bẹ́. Ẹni tó fi wáàsí síta ló rín jù, òun náà ló sì sáré gbé àga wá fún Mummy. Mummy bi Ìyá Àdínì pé kí ló dé tí wọ́n fi dákẹ́. Wọ́n ní àwọn ń retí ìkúnlẹ̀ àwọn ni, àwọn kì í gbà á lórí fóònù.

Bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà kún, ẹnìkan dìde fún Mummy, mo dúró tì wọ́n. Bí a ṣe ń kọjá àwọn ìsọ̀ oníṣu ní Rye Lane ni Mummy bi mí pé,

“Ìyá àgbà yẹn, kí ni wọ́n ṣe nígbà tí o kí wọn?”

“Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, ma. Wọ́n ṣàdúrà.”

“Ìgbà àkọ́kọ́ àbí ìgbà kejì?”

“Ìgbà kejì.”

“Tèmi nìyẹn.”

“Tiyín ni, ma.”

Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe. Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé orúnkún wọn méjèèjì, wọ́n ń rọra fọwọ́ pa á.

“Orúnkún mi ti wá dé Íńdíà,” ni wọ́n wí, “èmi náà ò tíì débẹ̀.”