Ọ̀gá Tó Ń Tọ́ Omi Ọ̀sà Wò

Ọ̀gá mi níbi ìwádìí ohun abẹ̀mí inú omi ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, láyé ìjọba ológun. Bí mo bá ti bu omi ọ̀sà dé láti Marine Beach ní Àpápá, á ti ìka bọ inú ìgò, á tọ́ ọ wò, á ní, "Epo ọkọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀, Ìyá Alákàn." Òun fúnra rẹ̀ kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Èmi ni mo fi ọdún mẹ́fà ka alákàn nínú ẹrẹ̀ Àpápá. Nígbà tí ìwé ìwádìí lórí alákàn náà jáde, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá ni mo fi bínú sí i lábẹ́lẹ̀, tí mò ń dá jẹun ní yàrá mi ní Ajégúnlẹ̀, tí mò ń retí kí ó bẹ̀ mí. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, mo bi í pé, "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò kọ orúkọ mi?"

Ẹnu yà á gan-an. "Àṣé o fẹ́ kí ó wà níbẹ̀? O ò sọ."