Kòtò Tí Bàbá Mi Gbẹ́ Ní Àkùrọ̀ Kwali

Àná ni aládùúgbò wa ń gbẹ́ kòtò ṣalángá. Wọ́n da erùpẹ̀ aláwọ̀ eérú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri wa, òórùn rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé, bí ẹyin tó ti fẹ́ bàjẹ́. Gbogbo ará ilé di imú. Èmi ńkọ́? Mo yọ orí síta, mo fà á símú dáadáa. Ọkọ mi ní ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Kò sí nǹkan kan o. Òórùn ìgbà èwe mi ni.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ kò tẹ ilẹ̀ mìíràn ju táìlì inú ilé lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Karmo ní Àbújá la ń gbé nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún 2012, nínú yàrá méjì. Ọmọ Kábà ni bàbá mi, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì ń ṣe. Bàbá àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa gbé báàgì lọ sí ọ́fíìsì. Ṣọ́bìrì ni tèmi ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbẹ́ kòtò, kó wo ilẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́ àti ohun tó lè ṣe dáadáa níbẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi, màmá mi á ní, "Mú ọmọ rẹ dání o, èmi nìkan ò lè gbé wàhálà ẹ̀." Bí mo ṣe di akọ̀wé bàbá mi nìyẹn.

Èmi ni mo ń di téèpù mú. Èmi náà ni mo ń gbé ìwé kékeré kan tí oríṣiríṣi àwọ̀ kún inú rẹ̀, tí a ó fi erùpẹ̀ wé títí a ó fi rí èyí tó bá a mu. Bàbá mi á ní, "Àpáta ló bí ilẹ̀. Oòrùn là á, òjò fọ̀ ọ́, gbòǹgbò wọ inú ẹ̀, ekòló jẹ ẹ́, kó tó di ohun tí ò ń tẹ̀ yìí. Má fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀." Ti àkùrọ̀ ló fẹ́ràn jù. Níbi tí omi bá jókòó sí pẹ́, tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé, ilẹ̀ á di aláwọ̀ eérú. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá bá gbòǹgbò wọlé, irin inú ilẹ̀ á dógùn-ún, á ṣe àmì pupa tó-tò-tó. Bàbá mi ní àmì yẹn kì í parọ́: ibi tó bá wà, omi máa ń dúró níbẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, wọ́n rán an lọ sí àkùrọ̀ kan ní Kwali kó lọ wò ó bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ gba oko tòmátì. Bó bá gbà á, ìjọba á gba ilẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn ìyá Gbàgyí ti ń wa amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò. Ilé ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Àsíbì, la dé sí, ọmọ rẹ̀ Àsíbì sì di ọ̀rẹ́ mi kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Èjìká ni àwọn Gbàgyí ń gbé ẹrù lé, kì í ṣe orí. Mo dán an wò, igbá amọ̀ já lulẹ̀, Àsíbì pariwo "Kai!", ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Háúsá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ìyẹn la fi ń sọ̀rọ̀. Òun ló sọ fún mi pé bí wọ́n bá gba àkùrọ̀ náà, òun ò ní padà sílé-ìwé mọ́, torí ìkòkò ìyá òun ló ń rán òun lọ.

Bàbá mi yan ibi tí koríko ti tutù jù, ó gbẹ́ kòtò tó mù ún dé àyà. Erùpẹ̀ aláwọ̀ eérú díẹ̀ wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ dúdú, tó rọ̀, tó jìn. Inú bàbá mi dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní odò ló kún láyé àtijọ́ tó gbé ilẹ̀ tuntun bo ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, pé ilẹ̀ dúdú yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó máa jẹ́ Nàìjíríà. "Tòmátì á ṣe níbí gan-an!" Ó jáde lọ ròyìn fún dírẹ́bà tó gbé wa wá. Èmi wọ inú kòtò láti fi ọ̀bẹ ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí mo ti máa ń ṣe.

Ọ̀bẹ mi kan nǹkan nínú ilẹ̀ dúdú náà. Mo fà á jáde. Sílípáàsì rọ́bà ni, aláwọ̀ búlúù, ẹsẹ̀ òsì, tí wọ́n ti fi wáyà so okùn rẹ̀.

Yéè! Rọ́bà ayé àtijọ́! Àsíbì tó ń yọjú wolẹ̀ ní ti ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó ní bí àwọn bá ti wa amọ̀ tán, eérú ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò àti pàǹtí ni wọ́n fi ń dí ihò rẹ̀, wọ́n á sì da erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, kí ewúrẹ́ má baà jìn sí i. Eérú yẹn ni bàbá mi ń kọrin lé lórí.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ta ni mo jẹ́ tí n ó sọ fún bàbá mi pé ó ṣì í? Bí mo bá sì dákẹ́, Àsíbì gbé. Mo wo ojú rẹ̀. Mo rìn lọ bá bàbá mi, mo kúnlẹ̀, mo gbé bàtà náà síwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó yí bàtà náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè. Bàbá mi wá ní, "Ṣé wọ́n kúkú ti sọ ọ́ pé tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì.

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àsíbì, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́, wọn ò rírú ẹ̀ rí. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé òun ò kọ́kọ́ bi í léèrè. Ìyá náà fi Háúsá dá a lóhùn, bàbá mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ilẹ̀ ni ìjọba máa ń bi léèrè. Wọn kì í bi àwa." Ó wá mú wa lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbẹ́ rí. Amọ̀ aláwọ̀ eérú ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fà bí iyán, àmì pupa tó-tò-tó wà lára rẹ̀. Gbòǹgbò tòmátì á jẹrà níbẹ̀. Ìyá náà ń fi eyín tọ́ ọ wò, ó ń dárúkọ oríṣi amọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá mi ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Ohun tó kọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ni pé kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn amọ̀kòkò. Wọ́n sì fi í sílẹ̀. Inú mi dùn, kì í ṣe díẹ̀!

Nǹkan ti yí padà. Nọ́ọ̀sì ni Àsíbì báyìí, ìyá rẹ̀ ti dolóògbé, ike sì ti gba ipò ìkòkò nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wa amọ̀ ní àkùrọ̀ yẹn. Bàbá mi ti fẹ̀yìntì, àmọ́ àwọn tó fẹ́ kọ́lé ní Kabusa ṣì máa ń bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn wo ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á ti gbé ẹ̀rọ dé, wọ́n á máa tẹ fóònù. Bàbá mi ò ní tíì sọ ṣọ́bìrì kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Á kọ́kọ́ wá ìyá tó ti pẹ́ jù ládùúgbò náà, á jókòó tì í, á ní: "Màmá, ẹ dákun, kí lẹ ti dà síbí rí?"